Fọ́tò Tí A Kọjú Rẹ̀ sí Ògiri

                                        Ojúlé Kejìdínlógún,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹta, Ọdún 1996.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni nǹkan? Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ kò pa á lára jù? Ọmọ wa tó ń hu eyín nígbà tí o kọ̀wé gbẹ̀yìn ńkọ́? Ó yẹ kó ti máa gé èèyàn jẹ báyìí. Ẹsẹ̀ rẹ tí o ní ó ń dùn ọ́ tí o bá ti dúró pẹ́ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì, ṣé ó ti sàn? Mo ti sọ fún ọ pé kí o máa jókòó kọ́ wọn. Ẹnu lo fi ń kọ́ wọn, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Àwa níbí wà dáadáa. Ọkọ mi ń kí ọ, ó ní kí o dá bẹ́líìtì òun padà. Iṣẹ́ aṣọ rírán ń lọ, àfi ìka mi kan tí abẹ́rẹ́ gún lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti jinná. Ìyá àgbà ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń bá mi jà nítorí iyọ̀, nítorí náà mo mọ̀ pé ara wọn le.

Mo mọ̀ pé tí ọ̀gá iléèwé yín bá mú lẹ́tà yìí wọlé, tó ní ìwọ ló ni ín, ohun tí wàá kọ́kọ́ sọ ni “Èmi kẹ̀?” Bíi pé tíṣà mìíràn ń jẹ́ orúkọ rẹ. Láti kékeré ni a ti ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá wa á pè ọ́ wá jẹun, ìwọ nìkan lo wà nílé, wàá ní “Èmi kẹ̀?” Ìyá àgbà a sì máa sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni, pé bàbá àgbà náà nìyẹn. Pé wọ́n bi í lọ́jọ́ ìgbéyàwó bóyá ó máa fẹ́ àwọn, ó wẹ̀yìn, ó ní “Èmi kẹ̀?”, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Dúró ná, má tíì bínú. Mo ní ìdí tí mo fi ń rán ọ létí.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé nìyí: mo ti rí bàbá àgbà. Mi ò rí i láàyè o, má fò sókè. Inú ìwé ìjọba ni mo ti rí i. Wàá rí i pé “ó” ni mo ń pè é nínú lẹ́tà yìí, mi ò pè é ní “wọ́n”. Kì í ṣe àrífín. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tó jáde nílé, èmi sì ti lé ní ọgbọ̀n dáadáa. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo kà nípa rẹ̀, bí àbúrò ló ṣe ń rí lójú mi.

Jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ibi tí o kò fẹ́ kí n dé nìyẹn. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni o kọ̀wé sí ọ́fíìsì àwọn ṣọ́jà pé kí wọ́n bá wa wo orúkọ bàbá àgbà nínú ìwé ogun àgbáyé. Inú rere lo fi ṣe é. Èsì dé, ìlà mẹ́ta péré: àwọn ti wádìí, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n kó lọ sógun. Ìwọ lo kà á sí Ìyá àgbà létí. Kó tó di ọjọ́ náà, àwọn aládùúgbò ń sọ tiwọn. Wọ́n ní kò lọ sógun kankan, wọ́n ní ẹnìkan rí i ní èbúté pẹ̀lú obìnrin, wọ́n ní aṣọ ṣọ́jà tó wọ̀ nínú fọ́tò rẹ̀ tó wà ní yàrá Ìyá àgbà, ti ayàwòrán ni, pé ẹnikẹ́ni ló lè yá a wọ̀. Ìyá àgbà kì í bá wọn jiyàn. Wọ́n á ní ọkọ àwọn kú sógun ni, wọ́n á sì wọlé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé kò sí i, tí ìwọ náà fi ìbínú sọ pé, “Ó sá lọ ni, ẹ gbàgbé rẹ̀, mà,” Ìyá àgbà dìde, wọ́n yí fọ́tò náà, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ògiri.

Ẹyin lohùn, àbúrò mi. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú ọ. Ọmọdé ni ọ́ nígbà náà, ó sì dùn ọ́ jù wá lọ. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ ti ń já lé ọ lórí ní gbogbo ìsinmi, tí ẹsẹ̀ rẹ kò sì tẹ ilé yìí mọ́.

Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, mò ń wọn Ìyá àgbà fún aṣọ tuntun. Mo kúnlẹ̀, mo kó pínnì sẹ́nu, mò ń ṣe ẹsẹ̀ aṣọ wọn. Wọ́n kàn fi ìnagijẹ mi pè mí láti òkè, wọ́n ní, “Abẹ́rẹ́, tí mo bá kú, kí lẹ máa kọ sára ibojì mi? Ṣé opó ni mí ni, àbí ẹni tí ọkọ kọ̀?” Mo fi pínnì tó kù lẹ́nu mi di ẹsẹ̀ aṣọ náà. Aádọ́ta ọdún ó lé ni obìnrin yìí ti ń gbé ìbéèrè kan ṣoṣo kiri. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi lọ́jọ́ yẹn, mo sunkún, mo sì rán ọwọ́ aṣọ kan sí òdì.

Ìgbà yẹn ni mo pinnu láti lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba. O mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ ra òwú, mo rò pé ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí ni. Yàrá gbọọrọ ni, fèrèsé rẹ̀ ga débi pé o kò lè rí ìta. Tábìlì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti gba báírò lọ́wọ́ mi, pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Wọ́n gba báàgì mi, wọ́n ní kí n lọ fọwọ́, wọ́n sì yẹ èékánná mi wò bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Fáìlì mẹ́ta péré ni o lè béèrè lójúmọ́, o sì gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ò ń wá sínú fọ́ọ̀mù kí agogo mọ́kànlá tó lù. Mo gba fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ohun tí mò ń wá, mo kọ: “Bàbá àgbà mi.” Má rẹ́rìn-ín.

Bàbá àgbàlagbà kan ló ń tọ́jú ìwé ibẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti lò nínú eruku yẹn, ikọ́ kò sì ṣe wọ́n. Àwọn tó ń wá kàwé ń pè wọ́n ní Bàbá Má-fitọ́-sí-i, nítorí pé ibi yòówù kí wọ́n wà nínú yàrá náà, tí o bá fẹ́ lá ìka láti ṣí ìwé, ohùn wọn lo máa kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ka fọ́ọ̀mù mi, wọ́n yọ gíláàsì, wọ́n wò mí. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó tì mí.

Wọ́n ní àṣìṣe tí gbogbo èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á wá orúkọ níbì kan, tí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á ní kò sí níbi kankan. Wọ́n ní ìjọba kì í kọ èèyàn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n á kọ ọ́ nígbà tó bá wọlé, nígbà tó bá gba bàtà, nígbà tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí inú bá ń run ún, àti nígbà tó bá bú ọ̀gá rẹ̀. Tí o bá pàdánù rẹ̀ nínú ìwé kan, lọ dúró dè é nínú òmíràn. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo kọ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ: “Ìjọba lè gbàgbé èèyàn, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.”

Wọ́n bi mí ní ohun tí a ní nílé: ìwé, báàjì, àpò, ohunkóhun tó bá ní nọ́ńbà lára. Wọ́n ní orúkọ a máa yí padà lọ́wọ́ akọ̀wé, pé nọ́ńbà kì í yí. Mo ní a kò ní nǹkan kan, àfi fọ́tò tó kọjú sí ògiri, ojú àti èjìká nìkan ló sì wà nínú ìyẹn. Ni mo bá ń fi orúkọ wá a. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni, gbogbo Ọjọ́rú ni mò ń ti ṣọ́ọ̀bù. Mo rí ohun tí ojú kò rí rí. Mo ka lẹ́tà mọ́kànlá tí ọ̀gá ṣọ́jà méjì kọ sí ara wọn nítorí ìgò tàdáwà kan tó dà nù. Mo rí ẹ̀bẹ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n fún ní bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì, ọdún méjì ló fi ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn tó kú, àwọn tó padà, àwọn tó sá, mo ka gbogbo wọn. Bàbá àgbà kò sí níbẹ̀. Nígbà tó yá, tí mo bá délé, mi ò lè wo ojú Ìyá àgbà dáadáa, nítorí èrò pé bóyá òótọ́ ni àwọn aládùúgbò sọ ti ń wọ̀ mí lọ́kàn.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló gbà mí. Oníbàárà kan gbé aṣọ ọmọ rẹ̀ wá, ó ní ọmọ ti ga, kí n bá òun tú ìṣẹ́tí rẹ̀ kó lè gùn sí i. Mo tú u, mo rí i pé aṣọ tó wà nínú ìṣẹ́tí ṣì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, tí ìta sì ti ṣá. Ibẹ̀ ló ti sọ sí mi lọ́kàn. Fọ́tò yẹn ńkọ́? Ta ló mọ ohun tó wà lábẹ́ férémù?

Mo bẹ Ìyá àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí n tú u. Wọ́n wá ní kí n ṣe é níbi tí mo wà, kí n má yí ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn. Mo kẹ̀yìn sí wọn, mo fi abẹ tí mo fi ń tú aṣọ yọ ìṣó kéékèèké ẹ̀yìn rẹ̀. Àbúrò mi, fọ́tò náà gùn ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ayàwòrán ti fi páálí dúdú bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, bóyá kó má baà dà bí fọ́tò ẹlẹ́wọ̀n, torí pé lábẹ́ páálí yẹn, bàbá àgbà fi ọwọ́ méjèèjì di síléètì kékeré kan mú sáyà. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ ọ́ sójú síléètì: 3716. Ayàwòrán wo ló máa yá èèyàn láṣọ tó tún máa fún un ní nọ́ńbà? Mo dá férémù padà bó ṣe wà, mi ò sọ nǹkan kan fún Ìyá àgbà. Mi ò fẹ́ gbé ìrètí lé wọn lórí kó tún já bọ́.

Nígbà tí Bàbá Má-fitọ́-sí-i gbọ́ nọ́ńbà, wọ́n fọwọ́ pa ọwọ́ bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n pẹ́, wọ́n gbé ìwé kan bọ̀ tó fẹ̀ bí tábìlì. Ìwé tí wọ́n fi pín búláńkẹ́ẹ̀tì ni. Mo fi rúlà tẹ̀ lé nọ́ńbà náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. 3714. 3715. 3716. Wọ́n fún un ní búláńkẹ́ẹ̀tì méjì, bàtà kan, ṣíbí kan. Níbi orúkọ, lẹ́tà ńlá ńlá: EMIKE.

Inú mi bàjẹ́. Mo kà á síwájú, mo kà á sẹ́yìn. Émíkè. Emíkẹ́. Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì fi ibì kankan jọ orúkọ ilé wa. Mo ní bóyá síléètì ẹlòmíràn ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Mo ní tiwa ti parí. Mò ń pa ìwé náà dé, mò ń ronú ohun tí màá sọ nílé, ni obìnrin tó ń gba fáìlì padà bá pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé àkókò ti tó: “Tábìlì kẹta!” Èmi nìkan ni mo wà ní tábìlì kẹta. Ká sọ òótọ́, èmi nìkan ló kù nínú yàrá yẹn. Mo gbórí sókè, mo ní:

“Èmi kẹ̀?”

Mo gbọ́ ohùn ara mi. Mo wo ìwé náà. E, M, I, K, E.

Mo kígbe nínú yàrá tí wọn kì í ti í húkọ́. Bàbá Má-fitọ́-sí-i sáré jáde, wọ́n rò pé mo ti da omi sórí ìwé. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún, mi ò sì lè ṣàlàyé. Gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo ti fi ọ́ ṣe láti kékeré, mi ò mọ̀ pé mo ní i lẹ́nu tèmi náà. Ohun tí mò ń wá kiri láti oṣù kọkànlá, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà.

Wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n to àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè wa nàka sí i, ó béèrè orúkọ. Bàbá àgbà wẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó ní “Èmi kẹ̀?” Akọ̀wé kọ ohun tó gbọ́, ó ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. Bàbá àgbà kò mọ̀wé kà, ta ló fẹ́ sọ fún un? Èyí tó tún wá dùn jù ni pé lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ń pe orúkọ, tí wọ́n bá pe Emike, ó dájú pé ohun tó máa fi dáhùn náà nìyẹn. Akọ̀wé á sì máa yin ara rẹ̀ pé òun mọ orúkọ kọ.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, Bàbá Má-fitọ́-sí-i rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu gíláàsì wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n le ojú. Wọ́n ní ẹ̀rín kì í ṣe ẹ̀rí. Ìwé kan kò tó, ó kéré tán kí ó jẹ́ mẹ́ta, kí ẹni tó kọ ọ̀kan má sì jẹ́ ẹni tó kọ èkejì. Mo fẹ́ bínú, àmọ́ mo rántí ìlà mẹ́ta tó yí fọ́tò wa kọjú sí ògiri, mo sì gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò gbọ́dọ̀ gbé ìwé kan ṣoṣo wá bá Ìyá àgbà lẹ́ẹ̀kejì.

A wá Emike. Ìwé tí wọ́n fi gbà á wọṣẹ́ jáde ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́: alágbàfọ̀. Àpá: jíjóná áyọ́ọ̀nù lápá òsì. O rántí ìtàn áyọ́ọ̀nù yẹn? Ìyá àgbà ló pè é lójijì tó fi gbé e lé ara rẹ̀ lápá. Níbi tí wọ́n ti béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n kọ: ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan, oṣù méje. Bàbá wa nìyẹn o. Oṣù méje ni wọ́n nígbà náà.

Ìwé kẹta ni mi ò fẹ́ kà. Ti ọsibítù àwọn ṣọ́jà ni. Ibà gbé e wọlé ní Ọjọ́ Ajé, ó kú ní Ọjọ́bọ̀, ogun sì ku oṣù mẹ́rin péré kó parí. Wọ́n kọ ìlà tí ibojì rẹ̀ wà, wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n kọ ohun tó fi sílẹ̀: búláńkẹ́ẹ̀tì méjì, tí ìjọba gbà padà, gẹ́gẹ́ bí bàbá náà ṣe wí, ṣíbí kan, abẹ́rẹ́ méjì àti òwú funfun. Abẹ́rẹ́ méjì, àbúrò mi. Mo gbé orí lé tábìlì, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n má da omi sórí ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìwọ gan-an gbọ́ wà lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀gá rẹ̀ kan kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba agbègbè wa pé kí wọ́n bá òun wá ìyàwó àti ọmọ Emike kí wọ́n lè gbọ́ pé ó ti kú. Èsì rẹ̀ wà nínú fáìlì kan náà, ìlà mẹ́ta péré: àwọn ti wádìí, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní agbègbè yìí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú tìrẹ. Nígbà tí wọ́n ń wá wa, orúkọ tí a kò mọ̀ ni wọ́n fi béèrè. Nígbà tí àwa ń wá a, orúkọ tí àwọn kò mọ̀ ni a fi béèrè. Nítorí náà, ìwé tó dé ọwọ́ rẹ kì í ṣe irọ́, ẹ̀bi rẹ kọ́ sì ni. Ìlẹ̀kùn tó yẹ lo kàn. Èmi náà ì bá kà á bí o ṣe kà á. Gbé ẹrù yẹn sọ̀ kalẹ̀, jọ̀wọ́.

Mo gba fọ́tókọ́pì ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Bàbá Má-fitọ́-sí-i sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo jókòó ti Ìyá àgbà. Wọ́n ń ṣa àjákù aṣọ mi láwọ̀láwọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí síléètì. Nígbà tí mo dé ibi tí akọ̀wé ti béèrè orúkọ, wọ́n dáwọ́ dúró. Mo ní, “Ẹ mọ ohun tó fèsì, mà?” Wọ́n wò mí. Wọ́n mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dìde láti di èjìká wọn mú. Wọ́n ní, “Láti ọjọ́ yìí ló ti ń dáhùn nínú ìwé wọn, a kàn ò mọ̀ pé òun ni.”

Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí ní ohun tí akọ̀wé kọ nípa àwọn. Mo kà á: ìyàwó kan. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní, “Kan, àbí?” Mo ní, “Kan ṣoṣo, mà.” Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní kí n kà á. Mo ro gbogbo ẹnu tó ti sọ̀rọ̀ obìnrin èbúté yẹn ní àdúgbò yìí, mo sì fẹ́ gbé ìwé náà kiri ojúlé dé ojúlé. Mo ka ìwé ọsibítù náà tẹ̀ lé e, wọ́n wá ní, “Opó ni mí, nígbà náà.” Omijé ń bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Wọ́n dìde, wọn kò jẹ́ kí n ran wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n lọ síbi ògiri, wọ́n yí fọ́tò náà padà. Mo ti yọ páálí dúdú yẹn dànù láàárọ̀ ọjọ́ náà, síléètì ti hàn. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá pe orúkọ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an, tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọdún mẹ́fà. Wọ́n pè é bí èèyàn ṣe ń pe ẹni tó wà ní yàrá kejì, wọ́n sì dákẹ́ díẹ̀. Nígbà tí kò sẹ́ni tó dáhùn, àwọn fúnra wọn dáhùn, wọ́n mú ohùn wọn ki bí ti ọkùnrin: “Èmi kẹ̀?”

Bá mi kí ìyàwó rẹ dáadáa, kí o sì fẹnu ko ọmọ wa lẹ́nu, tí eyín rẹ̀ bá gbà. Ọkọ mi ní òun kò tíì gbàgbé bẹ́líìtì. Ìyá àgbà kò ní kí n bú ọ, wọn kò sì ní kí n bẹ̀ ọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ Àìkú yẹn, tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n a máa pe orúkọ tìrẹ náà láti inú yàrá, bí wọ́n tilẹ̀ mọ̀ pé o kò sí níbí. Èmi ni mo ń dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ mi, “Èmi kẹ̀?” Wọ́n ní ohùn mi tín-ín-rín jù, kì í ṣe ohùn tí àwọn ń retí nìyẹn. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìsinmi yín bẹ̀rẹ̀. Wá dá wọn lóhùn fúnra rẹ.

Èmi ni tìrẹ, àní èmi kẹ̀,

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Abẹ́rẹ́.